Àlejò Olójú Márùn-ún

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àánú ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀: ta ni yóò bá àjèjì wí pé kò mọ ọ̀nà odò? Àlejò òde òní kì í ṣe ẹni à ń ṣàánú mọ́. Ojú méjì tirẹ̀ ń bẹ, mẹ́ta mìíràn tún wà lẹ́yìn fóònù rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń ya wọ ìlú Oaxaca ní gúúsù Mẹ́síkò. Nínú ọjà 20 de Noviembre, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà tí èéfín ti ń ta lójú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ẹran. Ẹni tó bá fara balẹ̀, ètò ibẹ̀ á yé e: ẹlẹ́ran á gbé ohun tí o rà sórí ẹyín iná, àlùbọ́sà àti ata dọwọ́ ẹlòmíràn, ọ̀tọ̀ sì lẹni tó ń ta tortilla tí wọ́n fi àgbàdo ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ò ráyè ìyẹn. Wọ́n á to oúnjẹ, wọ́n á tún un tò, ọ̀kan á gun àga kó lè ya á láti òkè. Kí fótò tó dára, ọ̀rá ẹran ti dì.

Bí ọmọ Nàìjíríà bá wà láàrin wọn, á ti gbé ata gígún dání láti ilé, nítorí ó gbà pé òyìnbó ò mọ ata jẹ. Bẹ́ẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ tàtàṣé àti ṣọ̀mbọ̀ di ohun ọ̀gbìn! Ibẹ̀ náà ni àgbàdo ti wá: nínú ihò àpáta Guilá Naquitz, tí kò jìnnà sí Oaxaca, wọ́n rí ṣùkù àgbàdo tó ti lé ní 6,000 ọdún. Ọmọ Nàìjíríà wa ń pọnmi lọ fún olódò. Ó tún kọjá lára ìyá tó ń bu tejate, ohun mímu àgbàdo àti kòkó, sínú igbá. Ó ní ẹlẹ́rìndòdò lòun ń wá.

Orí òkè Monte Albán, lẹ́bàá Oaxaca, lọ̀ràn náà ti burú jù. Àwọn Zapotec tẹ ìlú yẹn dó ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn òkúta pẹlẹbẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ọkùnrin sí lára, oníhòòhò, tí apá àti ẹsẹ̀ wọn ká gbagidi. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa wọn ní oníjó ni wọ́n; orúkọ náà, Danzantes, ò tíì kúrò lára wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní gbà pé òǹdè tí wọ́n pa ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti ṣàlejò níbẹ̀ rí nìyẹn, a sì lè forí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n àlàyé ti wà nísinsìnyí. Olójú márùn-ún kò kà á. Iwájú òkú ló dúró sí tó ń ju apá ju ẹsẹ̀ fún TikTok, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ká má purọ́, ijó náà máa ń dáa.

Ìlú Oaxaca ò fi nǹkan kan pamọ́. Àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká ní ọjọ́ ọjà tiwọn: Etla ń ná Ọjọ́rú, Zaachila Ọjọ́bọ̀, Ocotlán ọjọ́ Ẹtì, Tlacolula ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ ti fóònù bọ àpò, kí ẹ bi ìyá aláta léèrè irú ata tó ń tà, kí ẹ sì rà níbẹ̀.