Wọ́n Ní Aláíǹmẹ́ǹtì Lásán Ni

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Àna kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá wọ ṣòkòtò ìjà, ohun tó dì mí lọ́wọ́ nìyẹn. Àbúrò ìyàwó mi yá Corolla mi láti fi gbé kúlà lọ síbi òkú àgbà kan ní Ògòtún-Èkìtì níbí. Kúlà dé ibẹ̀ láyọ̀. Nígbà tí ìlù gbóná tán, ọ̀gbẹ́ni wa ọkọ̀ wọ pápá ilé ẹ̀kọ́, ó ní òun fẹ́ yí i bírípo kí inú àwọn olóòkú lè dùn.

Eré náà ní ilé tirẹ̀ o. Láàárín 1980 sí 1989 ni àwọn ọmọ Soweto ní Gúúsù Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ níbi ìsìnkú. BMW 325i, tí wọ́n ń pè ní gusheshe, ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Nígbà tó di 2014, Motorsport South Africa gbà á wọlé bí eré ìdárayá tó ní òfin. Wọ́n ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, táyà tí wọ́n bá sì jó níbẹ̀, owó ara wọn ni. Corolla tèmi ńkọ́? Táyà iwájú ló ń fà á. Kí irú rẹ̀ tó lè yí, àfi kí èèyàn sáré, kó já sítíárìn, kó fa búrékì ọwọ́ sókè, kí ìdí ọkọ̀ wá fọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí rẹ̀ fọ́n lóòótọ́. Bèbè gọ́tà ló dá a dúró.

“Bọ̀dá mi, aláíǹmẹ́ǹtì lásán ni.” Ohun tó wí nìyẹn nígbà tó ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá ìyàwó mi ní kí n má bínú, pé ọmọ náà ò fara pa, èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ nìyẹn. Mo ní àmín. Ta ló béèrè bóyá ọkọ̀ fara pa?

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kí ọkọ̀ lọ tààrà, àfi kí n wọ́ sítíárìn sí ọ̀tún. Bí mo bá tú u sílẹ̀, igbó ọwọ́ òsì ló ń wò. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tó fi ní ṣáàfù ni. Mo ra ṣáàfù. Fọgaláísà ní afẹ́fẹ́ ni. Òun nìkan ni mi ò bá jà, nítorí afẹ́fẹ́ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò ní tòótọ́, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Àwọn oní-kọ̀ǹpútà kan ní Adó wá gbé ọkọ̀ mi sókè, wọ́n de nǹkan mọ́ táyà iwájú, pupa di àwọ̀ ewé lójú ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Kí n tó dé Ìgbàrà-Odò, ọwọ́ mi ti ń ro mí.

Àwa Ògòtún, ẹni tí kò mọ̀ wá, ẹní wa ló fi mọ̀ wá. Ìyá kan tó ń hun ẹní níwájú ilé rẹ̀, ibi tí mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́, ló pè mí dúró. “Bàbá Ṣeun, ìdí ọkọ̀ yín ò bá orí rẹ̀ lọ.” Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹlòmíì wa ọkọ̀ náà níwájú mi ni mo tó rí i: ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí olówó gbèsè rí ojú òun.

Mẹkáníìkì kan ní Ìlawẹ̀ ló ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo wọn ti ṣe. Ó pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì, tòsì sí ọ̀tún, tọ̀tún sí òsì. Bí ọkọ̀ bá yí ojú padà, táyà ló ń ṣe é. Kò yí padà. Ó fọwọ́ kan ráàmù lẹ́yìn tí a wà á díẹ̀, bóyá búrékì kan ń dì mú, kò gbóná. Ó mi táì-rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì, wọ́n le dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fa okùn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, ó ta okùn ní kókó níbi tó dé, ó gbé e lọ sí apá òsì. Okùn ṣẹ́kù. Bèbè gọ́tà ti ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì síwájú.

Irin ìdábùú kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ lábẹ́ irú Corolla yìí. Kò ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń yí láti tún un ṣe. Bó bá ti wọ́, pípààrọ̀ ló kù, kọ̀ǹpútà Adó ì báà jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Ẹ má sì pe ìyàtọ̀ kékeré ní kékeré: bí iwájú táyà méjì bá fi mìlímítà 3 péré jìnnà síra ju ẹ̀yìn wọn lọ, nínú kìlómítà kan wọ́n á ti fi nǹkan bíi mítà 5 wọ́ ara wọn nílẹ̀ ní ìbú. Etí táyà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti di abẹ, ọwọ́ lẹ fi máa mọ̀ ọ́n kójú tó rí i.

Mo ra irin tókúnbọ̀. Mo san owó iṣẹ́. Àbúrò ìyàwó mi fi fídíò ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí mi, ó ní àwọn èèyàn gbádùn ẹ̀ gan-an. Ó tún fi kún un pé òkú àgbà mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi sọ fún un pé kó san owó irin ẹ̀yìn. Ṣáàfù àkọ́kọ́, mo ti fi jì í. Ní ti kúlà, ọmọlanke wà lọ́jà.