Àjẹ́ Tó Lọ Ra Ìgbálẹ̀

Ní ìgbèríko Hirosaki ní Japan, níbi tí oko ápù pọ̀ sí, àjẹ́ kan wà tí kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Makoto ni, ọmọ ọdún 15, nínú máńgà (ìwé ìtàn aláwòrán) Flying Witch tí Chihiro Ishizuka bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra ìgbálẹ̀, ó sì gun ún wò níbẹ̀ bí ẹni tó ń wọn bàtà. Ó hú gbòǹgbò abàmì kan tó ń ké tòò, ó fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Jìnnìjìnnì bo ọ̀rẹ́. Ṣé ogun ló wá tẹ̀ lé e? Rárá o: wọ́n jẹun, wọ́n tọ́jú igi ápù, ilẹ̀ ṣú. Àjẹ́ yìí kò mu ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ó mú ajé wọlé: lọ́dún 2016, wọ́n sọ máńgà náà di eré tẹlifíṣọ̀n alápá 12.