Ìka Ìyáálé àti Ọkọ̀ Tó Ń Wo Ọwọ́

Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, ẹ jókòó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Ohun tí ojú mi bá rí ni ẹnu mi ń sọ, bí ojú mi bá sì rí púpọ̀, ṣé ẹ̀bi mi ni? Yàrá tí wọ́n fún mi ló kọjú sí géètì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Alhájì onílé wa ló wà nílẹ̀. Ọkọ̀ dúdú gbọọrọ tó gba gbogbo ibi tí àwa ayálégbé ń sá aṣọ sí. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ní ti ẹnu mi jáde, n kò fẹ́ ẹjọ́. Ibi tí owó rẹ̀ ti wá ńkọ́? Èmi kò dá sí i o. Ẹnì kan ṣáà ní ilẹ̀ kan ní Ìkòròdú ni wọ́n tà fún ènìyàn méjì. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ parí rẹ̀ fún mi ná.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà wọlé, Alhájì kó gbogbo ilé jọ. Mo pọn Alhájì yìí rí lọ́mọdé, mo sì mọ̀ pé bó bá ra nǹkan, kì í dùn mọ́ ọn àfi bí a bá bá a wò ó. Ó jókòó síwájú, ó na ìka ìfábẹ̀lá sí òfuurufú lẹ́bàá rédíò, ó ń fi í yí po sí apá ọ̀tún. Orin Ebenezer Obey tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bá gbéra, ó gba àdúgbò kan. Ó yí ìka padà sí apá òsì, orin rọlẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan! Ìyá Oníṣu ké "Bísímílàhí!" Bàbá Télọ̀ ní òun mọ bàbá kan ní Ọ̀tà tó ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọkùnrin yàrá ẹ̀yìn, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yaba Tech, tó jẹ gbogbo ilé ní owó iná, òun ló là á yé wa. Ó ní kámẹ́rà kékeré kan ló fara pamọ́ sí àjà ọkọ̀, nítòsí dígí tí dírẹ́bà fi ń wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ tó bá wọ àárín dírẹ́bà àti ẹni tó jókòó tì í ni kámẹ́rà yìí ń ṣọ́. Ilé iṣẹ́ BMW ti Jámánì gbé irú rẹ̀ jáde nínú 7 Series wọn lọ́dún 2015. Ìka tó ń yí po ń gbé ohùn rédíò sókè, tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìka tó nà ṣánṣán sí ojú tẹlifíṣọ̀n ọkọ̀ ń gbé ìpè fóònù. Ọwọ́ tí ẹ bá jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin ń lé ìpè náà dànù. Mercedes-Benz náà kò jókòó lásán: nínú S-Class tí wọ́n gbé jáde ní 2020, bí dírẹ́bà bá yí orí wẹ̀yìn, aṣọ tó bo gíláàsì ẹ̀yìn á ká ara rẹ̀ kúrò kó lè ríran.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn: ta ni nínú wa tó lè sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́? Bí a bá gbọ́ ìròyìn burúkú, a ó fi ọwọ́ yí po lókè orí, a ó ta ìka dànù: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bí a bá ń júwe ilé, apá ló ń ṣáájú ẹnu. Bí a bá ń jà, ẹ kò ní gbọ́ èébú kan kí ọwọ́ márààrún tó là sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn ní Jámánì kò gbé obìnrin Mushin kankan síwájú ọkọ̀ dán an wò kí wọ́n tó máa tà á.

Ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló fà á tí èmi náà fi wọ ọkọ̀ ọ̀hún. Ìyáálé, ìyàwó àgbà Alhájì, ló ní kí n bá àwọn lọ, torí kò sí ẹni tó mọ ìtàn ìdílé ọkọ ìyàwó bíi tèmi. Ràsákì dírẹ́bà ló wakọ̀. Ìyáálé jókòó tì í níwájú, nítorí gèlè rẹ̀ kò gba ẹ̀yìn, àti nítorí pé ó fẹ́ràn kó máa kọ́ Ràsákì ní ọ̀nà tí Ràsákì ti mọ̀. Èmi àti Alhájì wà lẹ́yìn.

A ò tíì dé Ṣàgámù tí mo fi sọ ìtàn náà dé ibi tí bàbá ọkọ ìyàwó ti ta ilé ìyá rẹ̀ láìsọ fún ìyá náà. Ìyáálé ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó na ìka síwájú, ó fi yí po, ó tún yí i po. Ohùn Obey bú jáde, etí mi di. Ràsákì fò níjòókòó. Ìyáálé ń pariwo pé "Ẹ pa á! Ẹ pa á!", ó ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún. Àṣé àbúrò Alhájì ló ń pè lásìkò yẹn gan-an, láti sọ fún wa pé wọ́n ti gbé àsè kúrò ní gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ lọ sí òmíràn. Ọwọ́ Ìyáálé lé e dànù. Ibi tí a kọ́kọ́ yà sí, àga òfìfo ló kí wa káàbọ̀.

Ìyẹn ṣì kéré. Bí a ṣe ń wá gbọ̀ngàn kejì, Ìyáálé rí àwọn onílù níwájú. Ó na ìka ṣánṣán: "Ràsákì, ibẹ̀ yẹn ni! Yà síbẹ̀!" Kí Ràsákì tó yà, fóònù Alhájì dún, ọkọ̀ sì ti ṣe ohun tí ìka sọ. Ohùn obìnrin kan bá jáde láti inú gbogbo sípíkà, ó tutù, ó dùn: "Olówó orí mi, mo ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé náà. Àwọn akunlé ti parí o."

Ìyáálé nìyí níwájú. Ìyàwó kejì wà nílé ní Mushin, ohùn tiẹ̀ sì ha. Ta wá ni?

Ẹ má bi mí ohun tó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ náà gbóná, ẹ jẹ́ n gba ibòmíràn kọjá ná.

Ọmọ Yaba Tech ní ọ̀rọ̀ sísọ nínú ọkọ̀ ti bí ẹ̀rọ gidi rí. Ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ralph Teetor. Láti kékeré ló ti fọ́jú, síbẹ̀ ó di ẹnjiníà ńlá. Wọ́n ní lọ́yà rẹ̀ a máa fi ọkọ̀ gbé e. Bí lọ́yà bá ń sọ̀rọ̀, ọkọ̀ á máa fà. Bó bá dákẹ́ láti gbọ́, ọkọ̀ á sáré. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa jù ú síwá sẹ́yìn. Teetor kò rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń mọ gbogbo rẹ̀ lára. Ó lọ ṣe ẹ̀rọ kan tó ń di eré ọkọ̀ mú sójú kan, kí ẹsẹ̀ dírẹ́bà má baà máa tẹ̀lé ẹnu rẹ̀. Nínú ọkọ̀ Chrysler ti ọdún 1958 ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á.

Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n lọkùnrin yẹn? Kò ní kí lọ́yà pa ẹnu mọ́. Ó gbà pé aláròyé ni, ó sì ṣe ẹ̀rọ tó lè bá aláròyé gbé. Ọkọ̀ Alhájì ní tiẹ̀ ń fẹ́ kí gbogbo wa ká ọwọ́ lé itan, ká máa wò.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ọkọ̀ náà o. Ẹ wo búùtù. Bí ẹ bá ru ẹrù, ẹ kàn fi ẹsẹ̀ ju sábẹ́ bọ́ńpà, búùtù á ṣí fúnra rẹ̀, bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣáà wà lára yín. Kì í tilẹ̀ ṣe ọkọ̀ olówó nìkan ló ní in. Ford fi sára Escape wọn ti 2013. Lọ́jọ́ tí Alhájì ra iṣu lọ́wọ́ Ìyá Oníṣu, tí ọwọ́ méjèèjì kún, mo rí i tó ju ẹsẹ̀, mo sì gbà pé owó rẹ̀ kò ṣòfò. Àwọn ọmọ ilé náà rí i. Láti ìgbà yẹn, wọn kò níṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa ta ìpá sábẹ́ ọkọ̀, asán sì ni, torí kọ́kọ́rọ́ wà lápò Alhájì. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Alhájì dúró lẹ́yìn ọkọ̀, tó ń sọ fún Bàbá Télọ̀ pé ìrẹsì Iléyá kò délé lọ́dún yìí. Ọmọkùnrin Ìyá Oníṣu ju ẹsẹ̀. Búùtù ṣí. Àpò ìrẹsì méjì sùn síbẹ̀. Bàbá Télọ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó kàn lọ mú abọ́ wá.

Ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ takisí rí, ẹ ti gbọ́ ọ: "Má gbá ilẹ̀kùn mi o! Rọra tì í!" Ẹ rọra tì í, kò pa, ẹ tún un tì, ó ní ẹ ti bà á jẹ́. Àwọn Mercedes ti parí ìjà yẹn nínú S-Class wọn ti 1991: ẹ kàn sún ilẹ̀kùn títí tó fi fẹ́ kan ara ọkọ̀, mọ́tò kékeré kan á fà á wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wáípà pàápàá ti dá gbọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń tàn sínú gíláàsì láti inú ọkọ̀. Bí gíláàsì bá gbẹ, ìmọ́lẹ̀ náà á ta padà. Bí omi bá kán sí i, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sá jáde, ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé òjò dé, yóò mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ẹ wá gbọ́ èyí, ẹ má sì sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Lóru ọjọ́ kan, ọlọ́kadà tí kò tan iná já lu Ràsákì ní ọ̀nà Ìkòròdú. Ọkọ̀ ti tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ kí ẹsẹ̀ Ràsákì tó débẹ̀. Ọlọ́kadà lọ láyọ̀, ó tilẹ̀ bú u. Ràsákì kò sọ fún Alhájì, torí ojú fóònù ló wà nígbà náà. Èmi nìkan ló sọ fún, ẹ̀yin nìkan ni mo sì sọ fún. Irú bíréèkì yẹn, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ti fi sófin: láti oṣù keje 2024, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in. Èyí tó ń wo ìlà ojú títì kí ọkọ̀ má baà yà kúrò lọ́nà, ìyẹn dákẹ́ ní àdúgbò wa. Níbo ni yóò ti rí ìlà?

Ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: Alhájì kò pe ẹnikẹ́ni wá wo bíréèkì. Kò pe ẹnikẹ́ni wá wo wáípà. Ìka ló pè wá wò. Ohun tó ń gbani, kò ṣeé fi yangàn. Ìgbà tó bá ṣiṣẹ́, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, kí la fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún? Èyí tó ṣeé fi yangàn ni bọ́tìnì kékeré kan lè ṣe láìṣe wàhálà. Àwọn òyìnbó náà ti ń fura. BMW fúnra wọn ti ń yọ ẹ̀rọ ìka náà kúrò nínú àwọn ọkọ̀ tuntun wọn. Ẹgbẹ́ Euro NCAP, tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, ti sọ pé láti 2026, ọkọ̀ tó bá fẹ́ ìràwọ̀ márùn-ún gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì tàbí ọ̀pá gidi fún wáípà, fèrè, iná ìyànà, iná ìkìlọ̀ àti ìpè pàjáwìrì. Ohun tí ọwọ́ lè wá rí nínú òkùnkùn láìfojú wá a.

Ẹ ní kí n padà sí Ìjẹ̀bú-Òde? Ó dáa. Alhájì ní ẹni tó pè ṣi nọ́ńbà ni. Ìyáálé ní "Ó dáa, Alhájì." Ó jẹun níbi ìgbéyàwó, ó jó, ó náwó fún onílù. Bí a ṣe délé, Alhájì pe Ràsákì sí kọ̀rọ̀, ó ní kó pa ẹ̀rọ ìka yẹn, kò fẹ́ rí i mọ́. Ràsákì pa á.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, n kò wo ẹnikẹ́ni, mo rí ọmọ Yaba Tech nínú ọkọ̀ náà, ó ń tẹ ojú tẹlifíṣọ̀n níwájú. Ìyáálé dúró tì í, ó ń na ìka wò bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí Alhájì bá ti ń jáde, Ìyáálé ti jókòó síwájú kí Ràsákì tó ṣí géètì. Ní ti ọmọ Yaba Tech, gbogbo owó iná tó jẹ ló san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tún fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó ní kí n fi ra ẹ̀pà, kí ẹnu mi rí nǹkan ṣe.