Alọ́wọ́-òsì Dé, Àwọn Olólùfẹ́ Gbé Ìṣe Wọn Dé

Nínú béèsìbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ajùbọ́ọ̀lù arọ́pò ni ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń ké sí nígbà tó bá ti ń rẹ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré, tàbí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di iṣu ata yán-án-yàn-án. Yorùbá ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kò sí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún: arọ́pò tó bá ń fọwọ́ òsì jù ni àwọn ẹgbẹ́ ń kó mílíọ̀nù dọ́là wá kiri, òun náà sì ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń fi gbogbo ọdún bínú sí.

Ìdí tí ọjà rẹ̀ fi ń tà kò ṣòroó mọ̀. Láti ibi tí ajùbọ́ọ̀lù ń dúró sí dé ọ̀dọ̀ onígi tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6 ni. Bọ́ọ̀lù tó ń sá eré máìlì 95 ní wákàtí kan kì í lo ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà. Bí ajùbọ́ọ̀lù àti onígi bá jọ jẹ́ alọ́wọ́-òsì, ńṣe ni bọ́ọ̀lù máa ń dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀ wá ba onígi léjìká. Kí onígi tó yẹra tán, bọ́ọ̀lù ti yà gba òdìkejì lọ. Igi á wá gbá afẹ́fẹ́.

Jesse Orosco fi ọwọ́ òsì yìí jẹun títí ó fi pé ẹni ọdún 46. Eré 1,252 ló ti ju bọ́ọ̀lù, kò sì tíì sí ajùbọ́ọ̀lù tó bá a níbẹ̀. Randy Choate ní tirẹ̀ bá Cardinals ti St. Louis tọwọ́ bọ̀wé ní ìparí ọdún 2012, mílíọ̀nù 7.5 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó rìn jáde, kó kojú alọ́wọ́-òsì kan, kó sì rìn padà. Àwọn olólùfẹ́ ráhùn pé ìwọlé-ìjáde yìí ń fa eré gùn. Ní 2020, àwọn aláṣẹ ṣòfin pé arọ́pò tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kojú onígi mẹ́ta, àfi tí abala eré tó wà lọ́wọ́ bá parí kó tó kàn wọ́n. Àwọn olólùfẹ́ kan náà tún wá ráhùn pé kí ló dé tí wọ́n fi alọ́wọ́-òsì sílẹ̀ kó máa kojú alọ́wọ́-ọ̀tún.

Ìṣesí olólùfẹ́ sí irú arọ́pò bẹ́ẹ̀ pín sí ìpele mẹ́rin. Èkíní ni igbe. Bí eré ọdún bá ti parí tí òtútù dé, gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ ti di onímọ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sọ: “A ò ní alọ́wọ́-òsì!” Bí ẹgbẹ́ bá tiẹ̀ ní méjì nílé, àwọn yẹn kì í ṣe alọ́wọ́-òsì gidi.

Ìpele kejì ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kéde pé òun ti rí ẹnì kan. Oríṣi olólùfẹ́ mẹ́rin ló máa ń yọjú lọ́jọ́ náà. Oníṣirò kò tíì san owó ilé oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n owó olówó ẹgbẹ́ ń dùn ún dénú eegun. Dókítà kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí, síbẹ̀ fọ́tò kan ṣoṣo ló wò tó fi mọ̀ pé iṣan ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà kò ní pẹ́ já. Òpìtàn á rán gbogbo ayé létí Oṣù Kẹwàá 1993, nígbà tí Mitch Williams, arọ́pò alọ́wọ́-òsì ti Phillies, ju bọ́ọ̀lù fún Joe Carter ní Toronto, tí Carter gbá a kọjá ògiri, tí ife ẹ̀yẹ sì bá a lọ. Alágbàtà ló kẹ́yìn: ó mọ ẹlòmíràn tó dáa ju eléyìí lọ, tí owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì. Ẹgbẹ́ kankan kò tíì rí onítọ̀hún.

Ìgbà òtútù tó mú 2024 wọ 2025 pèsè àpẹẹrẹ méjì tó ṣe é fi wéra. Ní Oṣù Kejìlá, Red Sox ti Boston mú Aroldis Chapman, ọmọ Cuba, ẹni ọdún 36, fún ọdún kan péré, mílíọ̀nù 10.75 dọ́là. Oníṣirò dákẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní àgbà ti dé sí apá yẹn. Ní Oṣù Kìn-ín-ní, Dodgers ti Los Angeles, tí ife ẹ̀yẹ 2024 wà lọ́wọ́ wọn, mú Tanner Scott fún ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 72. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn pariwo pé Dodgers ti ba béèsìbọ́ọ̀lù jẹ́. Àwọn tiwọn ní kí wọ́n kúkú máa gbé ife tí ń bọ̀ wá sílé.

Ìpele kẹta kúrú. Ní Oṣù Kejì, àwọn ẹgbẹ́ a kó lọ sí Arizona àti Florida láti gbára dì. Alọ́wọ́-òsì tuntun á ju bọ́ọ̀lù bíi mélòó kan láìsí onígi níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbá ọ̀kankan nínú wọn. Inú olólùfẹ́ á dùn.

Ìpele kẹrin ni ìdájọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 Oṣù Kẹsàn-án 2025, ní Baltimore, eré Dodgers pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú náà di ọ̀mì, ayò kọ̀ọ̀kan, ó sì ku abala kẹsàn-án, ìyẹn abala ìkẹyìn. Wọ́n ké sí Scott. Samuel Basallo ti Baltimore, ọmọ ọdún 21, gbé igi rẹ̀ dé. Alọ́wọ́-òsì ni Basallo náà, ìyẹn irú ẹni gan-an tí wọ́n torí rẹ̀ san mílíọ̀nù 72. Ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, eré parí. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ku ẹyọ onígi kan kí Yoshinobu Yamamoto, ajùbọ́ọ̀lù Dodgers tó bẹ̀rẹ̀ eré, parí eré láìsí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dáadáa, ni gbogbo nǹkan bá dàrú. Wọ́n tún ké sí Scott. Alọ́wọ́-ọ̀tún ni Emmanuel Rivera tó kàn án, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojúsàájú ló ń ṣe. Rivera gbá a, ayò méjì wọlé, Baltimore borí 4 sí 3. Ẹgbẹ́ tí Scott ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Baltimore, nítorí náà àwọn kan ní Los Angeles fura pé ẹ̀bùn ló mú wá sílé.

Nígbà tí ọdún parí, Scott ti dáàbò bo ìborí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré 23, 10 sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Chapman ní tirẹ̀ dáàbò bo 32, ayò tó fi sílẹ̀ kò sì tó kan àti ààbọ̀ ní abala mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ọdún náà kò tíì parí tí Boston ti fi ìwé mìíràn lé e lọ́wọ́, mílíọ̀nù 13.3 fún 2026. Àwọn tó pè é ní àgbàlagbà ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí a bá wo ìṣirò náà dáadáa, nínú eré mẹ́wàá tí Scott dì mú, ó gba bíi méje là. Nínú béèsìbọ́ọ̀lù kan náà, onígi tó bá kùnà lẹ́ẹ̀méje nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń fi owó bò, tí ọmọdé ń wọ aṣọ rẹ̀ kiri. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àsìkò tí ìkùnà onígi ń ṣẹlẹ̀, olólùfẹ́ ti lọ ra bíà. Ti arọ́pò, abala ìkẹyìn ni, gbogbo ojú ló sì wà lára rẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí wọ́n san owó fún gan-an: ẹgbẹ́ tó bá ti pàdánù nílò ẹnì kan tó máa jẹ̀bi, ó sì sàn kí olówó ńlá tó kẹ́yìn wọlé jẹ ẹ́ ju kí àwọn onígi mẹ́sàn-án tí wọn kò gba ju ayò kan lọ pín in.

Dodgers gba ife ẹ̀yẹ 2025 náà. Orúkọ Scott kò sí nínú àwọn tó bá Toronto ta kàn-án-gbọ̀n ní ìparí, nítorí náà kò sí ẹni tó rí ìdí láti tọrọ àforíjì. Ní Oṣù Kejìlá, ẹgbẹ́ náà tún kéde arọ́pò mìíràn, Edwin Díaz, ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 69. Ọwọ́ ọ̀tún ni eléyìí fi ń jù. Oníṣirò gbé bírò, dókítà bèèrè fọ́tò.