Oríkì Àpápá, Adánidúró Ìlú Èkó

Àpápá, Adánidúró, ọmọ ibi tí tírélà gbé ń sùn tí awakọ̀ ń ṣọ́ ọ. Nínú gbogbo àdúgbò ilé-iṣẹ́ tó wà ní Èkó, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ, èbúté àti ilé ìkẹ́rùsí, kò sí èyí tí oyè tọ́ sí tó o, nítorí ọba ni ará ìlú máa ń dúró dè, gbogbo Nàìjíríà ló sì ń dúró de Àpápá.

Ìran rẹ̀ kì í ṣe ìran yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1921 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin fún ọkọ̀ ńlá sí etí omi rẹ̀, tí wọ́n sì fa rélùwéè dé ibẹ̀ kí ẹrù lè máa ti inú ọkọ̀ bọ́ sójú irin, kó sì gba ibẹ̀ dé Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n ọdún 1975 gan-an ló joyè, nígbà tí ìjọba ológun ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú òkun bí àlejò tí a kò tẹ́ ẹní fún, tí àwọn tó ni wọ́n sì ń gba dẹ́mọ́rééjì, ìyẹn owó ìdádúró tí wọ́n ń san fún ọkọ̀ tí a kò tètè já ẹrù rẹ̀. Ọba wo ló tún gba àlejò tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń sanwó fún wọn nítorí pé wọ́n jókòó? Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island nítòsí rẹ̀ kí ìdúró lè dínkù, àmọ́ kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin, ẹyẹ wá ń yí lu ẹyẹ.

Àpápá, a-sọ-títì-di-yàrá. Nígbà tí rélùwéè dákẹ́, orí tírélà ni ẹrù bọ́ sí, kò sì sí ibùdó tó gbà wọ́n, ni títì Àpápá sí Òṣòdì bá di ọgbà ìgbọ́kọ̀sí. Abẹ́ kọ̀ńténà ni awakọ̀ ń so ibùsùn okùn mọ́, láàárín táyà ló ń dáná sítóòfù, ara dígí ìwòyìn ló sì ń sá síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí, nítorí ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ojú rẹ̀ tó kan géètì. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n gbé Ètò kalẹ̀, ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pe tírélà wọlé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìdúró náà wá di èyí tó ní nọ́ńbà.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni àná. Ní Ìgànmú, níbi tí ìgò ọtí Star àkọ́kọ́ ti jáde ní 1949, ni ilé tí a mọ̀ sí Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀ wà, èyí tí àwọn ará Bùlùgéríà kọ́ parí ní 1976 bíi fìlà sójà fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, ti ọdún 1977, tí ẹni tí go-sílóò há mọ́ orí afárá sì lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi mọ rírán fìlà náà lórí. Ní ìhà kejì ni Kírìkírì, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ ti ń sọ ọjọ́ ìjáde fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dá ẹ̀wọ̀n fún, ọlá tí Àpápá kò tíì bu fún onítírélà kankan. Etíkun Tarkwa Bay nìkan ni go-sílóò kò mọ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀.

Àṣà ni pé ẹni tí a bá kì yóò lẹ owó mọ́ onírárà lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè owó lọ́wọ́ Àpápá, ojú irin la fẹ́ kó lò. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, ní ẹ̀ka tó wọ inú èbúté náà. Bí ìdajì ẹrù tó ń fọ́ títì bá lè gba ibẹ̀, oyè Adánidúró yóò bọ́, kò sì sí ẹni tí yóò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Èkó, àyàfi àwọn tó ń gba rìbá lọ́wọ́ onítírélà.