Ìtì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Ohun Tí À Ń Pọ́n Àdá Sí

Níbi ìnáwó òkú àgbà kan ní Ìsánlú-Ìsin, ẹ̀gbọ́n mi kan fi ìdí lé àga ike. Àga ní "kẹ́ẹ́", ẹ̀gbọ́n ní "yéè!", àwo iyán fò sókè, ajá gbé ẹran. Onílù, ìkà ẹ̀dá, kò tilẹ̀ dá ìlù dúró.

Ìwọ àga ike yìí, wá gbọ́. O funfun, ò ń dán, ṣùgbọ́n inú rẹ ṣófo bí orí ọ̀lẹ. Bí ara rẹ bá sán bíńtín, sísán náà á sáré já sí òdì kejì bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra súyà. Kò sí ẹni tí yóò dá a lọ́nà.

Ta ni ìbá dá a lọ́nà? Fọ́nrán kànrìnkàn ni, ti èèpo àgbọn, àti ti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń bú pé kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi sódà bíi ti alọ́ṣẹ kí wọ́n tó pò ó mọ́ ike, kí ara rẹ̀ lè mọ́, kí ike lè dì í mú. Bí ìyà bá wá dé, sísán gbọ́dọ̀ fa fọ́nrán tu lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kọjá. Ibẹ̀ ni agbára ìyà ti ń tán.

Àmọ́ kí fọ́nrán àti ike má lẹ̀ mọ́ra bí ọkọ àti ìyàwó ọ̀sẹ̀ kan o! Bí fọ́nrán kò bá lè yọ̀ díẹ̀, á já pàú, ike á sì fọ́. Bí wọn kò bá lẹ̀ rárá, wọ́n ti di ayálégbé tí kì í kí ara wọn nìyẹn.

Ẹ lọ wo àwọn ère ìlú Èsìẹ́: òkúta ni wọ́n, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn. Jíjẹ́ òkúta kọ́ ni àìfọ́.

Ní 1901, Georges Charpy ará Faransé ṣàlàyé ìdánwò kan: òòlù ńlá á fì bíi jáńgírófà, á gbá nǹkan tí wọ́n ti gé lójú díẹ̀. Bí òòlù bá fọ́ ọ tán tó sì tún fò lọ sókè réré, ojo ni nǹkan ọ̀hún. Bí ó bá rẹ òòlù, akọni ni.

Henry Ford, oníléeṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà, kò ní sùúrù òòlù. Àáké ló gbé, ó fi lu bọ́ọ̀tù mọ́tò tí wọ́n fi ike ẹ̀wà sóyà ṣe, kò tẹ̀. Àṣé bàbá ti fi rọ́bà bo ẹnu àáké!

Fọ́nrán, má rẹ́rìn-ín, ọ̀mu ni ọ́. Bí o bá rí omi, ò ń mu ún títí ara rẹ á fi wú, tí ike á fi já ọ jù sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti wá ra àpótí onígi, wọ́n ń gbé e ká gbogbo òde. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo rántí pé igi fúnra rẹ̀, fọ́nrán tí nǹkan lẹ̀ pọ̀ ni. Mo pa ẹnu mọ́. Ìdí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ, mo ní kó má bínú.