Ọmọ Tó Dé Gbogbo Oko Àfi Ti Bàbá Rẹ̀

Bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí fi ọkàn balẹ̀ lórí ohun kan: ó gbà pé ọmọ náà mọ oko bàbá tirẹ̀ dénú. Ó ti bá wọn tu koríko níbẹ̀, ó mọ ibi tí iṣu ti ń ta dáadáa, ó mọ igi tó jẹ́ ààlà. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò rìn kọjá ibẹ̀. Àwọn àgbà tó pa á kò rò ó rí pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ọmọ Ìjẹ̀bú yóò mọ oko bàbá gbogbo ayé, láti Dubai dé orí òkè Peru, tí wọ́n á wá bi í pé apá ibo ni oko bàbá tirẹ̀ wà, tí yóò máa nawọ́ sínú igbó bí ẹni ń lé eṣinṣin. Òwe wọn kò ní èsì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a bí i ni ká wá èsì fún un.

Ká mú Peru yẹn wò, nítorí ìrìn ibẹ̀ wà lára èyí tí àwọn tówó wọn ká a fi ń yangàn jù láyé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn ín. Ẹ̀bá odò Urubamba, níbi tí wọ́n ń pè ní Kìlómítà 82, ni wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n á tọ ọ̀nà òkúta tí àwọn Inca, àwọn ará àtijọ́ ilẹ̀ náà, tò, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 42, títí wọn yóò fi yọ sí Machu Picchu, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òkè ní nǹkan bí ọdún 1450 tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ọjọ́ kejì ló le jù. Ẹsẹ̀ á gòkè dé ibi tó ju mítà 4,200 lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, orí á máa fọ́, òyì á máa kọ́ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bu omi gbígbóná tí wọ́n fi ewé coca sí fún àlejò láti ìgbà tó bá ti wà ní ìlú Cusco, kó lè rọ́jú. Àwọn alábàárù, tí wọ́n jẹ́ ọmọ bíbí àgbègbè náà, á ru àgọ́, ìkòkò àti oúnjẹ, wọ́n á sì sáré kọjá lára olówó tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òfin ti ní iye ẹrù tí alábàárù gbọ́dọ̀ rù. Òfin kan náà ló ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn ín láìní amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ, pé ènìyàn 500 péré ni kí wọ́n jẹ́ kó wọ ọ̀nà náà lójúmọ́, àti amọ̀nà àti alábàárù ló sì wà nínú 500 ọ̀hún. Tó bá di oṣù Èrèlé, wọ́n á tì í pa fún odindi oṣù kan kí wọ́n lè tún ojú ọ̀nà ṣe.

Èmi ò bá ẹni tó lọ jà o. Òwe fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú, tí àwọn ará yòókù ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ó máa ń ka kọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ná an, tó wá fọkàn balẹ̀ san dọ́là kí wọ́n lè fi iṣẹ́ ọwọ́ baba ńlá ẹlòmíràn hàn án, ó yẹ ká kan sáárá sí i. Àmọ́ ohun tí òwe ń wá nínú ìrìn-àjò ni kí ọmọ lè fi oko wé oko. Tí kò bá mọ oko kan nínú méjèèjì, kí ni yóò fi wé kí ni? Yóò padà dé pẹ̀lú fọ́tò lórí fóònù, yóò máa sọ pé àwọn òyìnbó ibẹ̀ mọ nǹkan ṣe (bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣe nǹkan ọ̀hún kì í ṣe òyìnbó), yóò sì parí ọ̀rọ̀ sí pé àwọn baba tiwa kò fi nǹkan kan sílẹ̀ ju igbó lọ.

Nínú igbó yẹn gan-an ni oko wà. Erédò Súńgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Yàrà ni, odi sì ni: wọ́n wa ilẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí etí inú kó di ògiri. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po ní nǹkan bíi kìlómítà 160, Ìjẹ̀bú-Òde sì wà nínú rẹ̀, débi pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè gba títì láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀pẹ́ tí kò ní gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀kẹ́ àìmọye ń gbà á kọjá lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ tí ojú wọn ò kúrò lára fóònù. Níbi tó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri tó mítà 20, ìyẹn ilé alájà mẹ́fà. Onímọ̀ kan, P. C. Lloyd, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959, ṣáájú òmìnira. Ní 1999, Patrick Darling, tó ti fi ẹsẹ̀ wọ igbó náà tó sì wọ̀n ọ́n, kéde fún gbogbo ayé láti yunifásítì Bournemouth pé erùpẹ̀ tí wọ́n wa níbẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ Píramídì ńlá Íjíbítì lọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀: ọkọ́, agbọ̀n àti orí ọmọ ènìyàn ni.

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ níbi tí igbó ṣì kún, oòrùn á fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ pupa dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, ó tẹ́jú débi pé ojú á máa wá ibi tí ọkọ́ ti kọ ilà sí i. Ohun tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ògiri tó gba omi ti bò ó, gbòǹgbò igi ń rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, ewé sì ti pàdé lókè pátápátá. Ìsàlẹ̀ rọ̀, ó tutù. Ibẹ̀ ni ènìyàn á ti mọ̀ pé àwọn tó wa á kò wa á fún eré.

Ọmọ kejì wà tí òwe yìí tún ń bá wí, ti rẹ̀ sì burú díẹ̀ ju ti ẹni tó lọ Peru. Òun kò lọ ibì kankan. Ilé ló jókòó sí, tó ń pariwo pé kò sí irú Erédò láyé, pé Bílíkísù Súńgbọ́ ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì, pé Ìjẹ̀bú ló gbọ́n jù. Bi í pé ìgbà wo ló sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà náà gbẹ̀yìn, á ní òun ti rí i lórí Facebook. Ẹ gbọ́ ìṣirò náà: nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Sólómọ́nì. Darling ní Erédò tó bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó tún ibẹ̀ gbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ fà á wá sí nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Èyí tó bá wù ká gbà nínú méjèèjì, Sólómọ́nì ti jẹrà tipẹ́ kí ọkọ́ àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀. Ohun tó sì ń bí ènìyàn nínú ni pé ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Èrí, níbi tí wọ́n ní ibojì Súńgbọ́ wà tí àwọn olùjọsìn ń lọ lọ́dọọdún, ti tó ní tirẹ̀: obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, tó fẹ́ kí orúkọ òun má parun, tó wá kó ènìyàn jọ láti wa ilẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń tọrọ adé lọ́wọ́ Ṣébà fún un? Ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí yàrà náà kò ní wá ọbabìnrin ilẹ̀ òkèèrè tí yóò jẹ́rìí sí i. Àìdé oko ló ń fa irọ́ nípa oko.

Àwọn kan á ní kòtò ṣáà ni, pé àwọn Inca fi òkúta kọ́lé, òkè yí wọn ká, ojú sì ń rí ẹwà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé Ìjẹ̀bú kò ní òkè bí ti Peru, èmi ò sì ní parọ́ pé yàrà jọ òkè. Ẹni tó bá jẹ́ pé òkè àti ahoro ìlú ló ń wù ú gan-an, kó lọ sí Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni yóò gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi sílẹ̀ ní 1923, ààfin ọba àtijọ́ ṣì wà lórí òkè náà, kò sì ní gba físà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ẹwà yìí dáadáa. Nígbà tí Hiram Bingham, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, dé Machu Picchu ní 1911, igbó ló bo ibẹ̀, àwọn àgbẹ̀ mélòó kan sì ń dáko sórí àtẹ̀gùn ilẹ̀ tí àwọn Inca ṣe. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n tún ògiri tò, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n kọ́ amọ̀nà. Ní 1983 UNESCO gbà á wọlé sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé. Ẹwà tí a ń rí nínú fọ́tò lónìí, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Orúkọ Erédò náà ti wà nínú ìwé àwọn tó ń retí UNESCO láti 1995. Ní ilẹ̀ wa níbí, Sukur ti òkè ọya wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wọlé ní 2005. Erédò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ààbò lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò wọ igbó lónìí, nígbà tí àwọn ajínigbé ò jẹ́ kí ẹni tó wà lójú títì gan-an fọkàn balẹ̀? N kò ní fojú kékeré wo èyí. Àmọ́ ohun tó ń sọ igbó di ti oníṣẹ́ ibi ni pé kò sẹ́ni rere tó ń wọ ibẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń ta ìwé ìwọlé rẹ̀, tí amọ̀nà ń jẹun lórí rẹ̀, tí ọ̀dọ́ abúlé mọ̀ pé owó oṣù òun wà níbẹ̀, àwọn ará abúlé fúnra wọn ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ní Peru náà, kó tó di pé wọ́n mú òfin le ní nǹkan bí ọdún 2001, ẹni tó bá wù ú ló ń wọ ọ̀nà náà bó ṣe wù ú, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ bí ó ti wù wọ́n. Òfin ló yí i padà.

Ẹni tó bá sì ní àlejò yóò ba Erédò jẹ́, ó pẹ́ dé. A ti ń bà á jẹ́ láìsí àlejò. Títì la àárín rẹ̀, oko wọ ibòmíràn, níbi tí ìlú ti fẹ̀ dé, àwọn kan ń fi ilé sí orí ògiri àwọn baba wọn, kò sì sí ẹni tó bá wọn wí, torí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ògiri ni. Àwọn ìjọba sì rí ibi sá sí: apá kan yàrà bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, apá kan bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni iṣẹ́ àbójútó ohun àjogúnbá. Ìlú ń retí ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ ń retí Abuja. Súńgbọ́ kò retí ẹnikẹ́ni.

Kò tún sí ẹni tó lè sọ fún mi pé Ìjẹ̀bú kò mọ ètò ṣe. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi ọdún Ojúde Ọba, gbogbo ayé ń rí i. Àwọn Rẹgbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn bára mu, tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó wàjà ní 2025, sọ jí padà, wọ́n á ti yan aṣọ sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan, wọ́n á dá owó, wọ́n á ra bàtà tó bá fìlà mu, àwọn ìdílé Balógun á gẹṣin, ọmọ Ìjẹ̀bú á wọ bàálù wá láti London àti Houston, kò sì ní sí ẹni tí yóò pẹ́ dé. Ẹ̀mí tó ń ṣe Ojúde Ọba yẹn kò ní kú sí kìlómítà 160. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba apá kan yàrà náà bí ẹni gba ilẹ̀ oko: kí wọ́n mọ gbogbo ẹsẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n máa ké sí wa tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé etí rẹ̀ ní iṣẹ́ amọ̀nà. Tó bá di ọjọ́ kẹrin Iléyá, tí àlejò ṣì wà nílé tí ijó ti tán lẹ́sẹ̀ wọn, kí wọ́n kó wọn wọ igbó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sùn sí abúlé lójú ọ̀nà, kí wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ gba Peru lọ lẹ́yìn ìyẹn, ó dàbọ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò, kó bẹ̀rẹ̀ láti Òkè-Èrí. Kí wọ́n fi aṣọ òkè sílé, kí wọ́n wọ bàtà tó nípọn, kí wọ́n mú ọmọ ibẹ̀ tó mọ igbó dání, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un kí wọ́n tó gbéra.